Ojú Oórì Tó Yẹ Kí Ọlọ́jà Dé

 

Bí ìparí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, tí wọ́n ní kí ẹgbẹ́ lọ gbafẹ́, etí òkun náà la máa ń sáré lọ. Kò burú. Ṣùgbọ́n mo ní àbá kan, kí ẹ má bẹ̀rù: ẹ jẹ́ ká lọ wo ibojì. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa yí ọwọ́ po orí wọn báyìí. Ẹ fara balẹ̀. Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Agra ní Íńdíà torí àtiwo Taj Mahal, bẹ́ẹ̀ sàréè obìnrin ni. Mumtaz Mahal, aya ọba Shah Jahan, ló kú sórí ọmọ bíbí ní 1631, tí ọkọ rẹ̀ fi òkúta màbù funfun kọ́lé lé e lórí. Nǹkan bí ọdún 20 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwa náà ní tiwa, a ò sì nílò físà.

Ẹnu ọ̀nà wa ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Kudirat Abiola Way tí à ń gbà lárọ̀ lálẹ́, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Oregun Road, ṣé gbogbo wa la mọ ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, 1996, ní àgbègbè wa yìí, lójúmọmọ, ni wọ́n yìnbọn pa Alhaja Kudirat Abíọ́lá nínú ọkọ̀ rẹ̀. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ọkọ rẹ̀, ẹni tó wọlé ìbò June 12, 1993, wà látìmọ́lé nígbà náà. Obìnrin yìí ló dúró níta tó ń jà fún un, òun náà ló ti àwọn òṣìṣẹ́ epo lẹ́yìn nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1994. Ilé wọn ní Ìkẹjà ni wọ́n sin ín sí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú sátìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù keje, 1998, ọgbà kan náà ni wọ́n sin òun náà sí. Ní New York, wọ́n fi orúkọ Kudirat pe igun òpópónà kan lẹ́bàá ọ́fíìsì ìjọba Nàìjíríà. Àwa tó ń ta ọjà lójú ọ̀nà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ńkọ́, mélòó nínú wa ló ti dé ojú oórì rẹ̀?

Ilé onílé ni o, kì í ṣe ibi tá a kàn ń já wọ̀. Bí tàwọn Yorùbá ṣe rí nìyẹn. Àwọn bàbá wa kì í gbé òkú àgbà lọ sẹ́yìn ìlú, inú ilé ni wọ́n ń sin ín sí, nínú yàrá tàbí láàárín àgbàlá, kó má baà jìnnà sáwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wo ibojì ńlá nílẹ̀ wa, àfi kó kan ilẹ̀kùn, kó kí onílé dáadáa, kó gba àyè. Ní ti Alhaja Kudirat, ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdọọdún ni wọ́n máa ń ṣe àdúrà fún un, ìgbà yẹn ló rọrùn jù.

Láti ibẹ̀ sí Gbemisola Street ní ìhà Allen, kò jìnnà rárá. Iwájú ilé tí Fẹlá gbé níbẹ̀ ni wọ́n sin ín sí nígbà tó kú ní oṣù kẹjọ, 1997, wọ́n sì sọ ilé náà di Kalakuta Museum ní 2012. Yàrá rẹ̀ wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀, pátá rẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀ (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín). Ṣùgbọ́n nítèmi o, ìyá Fẹlá ló yẹ kí ọlọ́jà lọ kí.

Abẹ́òkúta ni ìyá wà. Ìgbà tí wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin, tí wọ́n ń fìyà jẹ àwọn ọlọ́jà nítorí rẹ̀, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn ìyá jọ, wọ́n lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin. Wọn ò kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní, 1949, Aláké fi orí oyè sílẹ̀, ó kúrò nílùú, kò padà dé àfi ní ìparí 1950. Ní oṣù kejì, 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n ju ìyá àgbà yìí láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ títí tó fi kú ní oṣù kẹrin, 1978. Inú ibojì ọkọ rẹ̀, tó ti kú láti 1955, ni wọ́n sin ín sí, àwọn ọlọ́jà Abẹ́òkúta sì ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa lọ́jọ́ ìsìnkú náà. Èèyàn wọn ló lọ.

Ní Abẹ́òkúta yìí kan náà, ní Òjòkòdó, ni ibojì Ìyálóde Ẹfúnróyè Tinúbú wà. Gbogbo wa la mọ Tinubu Square, àmọ́ ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé wọ́n lé ìyá yìí kúrò l'Ékòó ni, ní 1856, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ nínú òwò àti nínú ọ̀rọ̀ ọba ti le ju ohun tí òyìnbó lè fara mọ́. Ó ta iyọ̀, ó ta tábà, ó ta ẹrú pẹ̀lú. A ò ní fi ìyẹn pamọ́ torí pé tiwa ni. Nígbà tí Dahomey gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1864, ó wà lára àwọn tó pèsè ìbọn àti ẹ̀tù, ọdún yẹn náà ni wọ́n fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ó kú ní 1887.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú náà á rí tirẹ̀. Ibojì Bílíkísù Súngbọ́ wà ní Òkè-Ẹ̀rí, ìyàwó Awólọ́wọ̀, oníṣòwò tòótọ́, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ láti 2015.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní itẹ́ òkú Abari ni wọ́n sin Alhaja Alimotu Pẹlẹwura sí ní 1951. Ẹja ni ìyá yìí ń tà ní Erékò, kò mọ̀wé, òun sì ni olórí gbogbo ọlọ́jà Èkó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí ọjà Erékò nípò ní nǹkan bí 1936, ó ní kò sóhun tó jọ ọ́, wọ́n tì í mọ́lé, àwọn obìnrin sì tú jáde títí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Nígbà ogun Hitler, Captain Pullen fẹ́ máa dá iye tá a ó ta gàrí. Ó fi £100 lóṣù lọ Pẹlẹwura pé kó bá òun ṣe é, ìyá kọ̀. Nǹkan bí 25,000 èèyàn ló sin ín dé ibojì. Ẹ wá béèrè lọ́jà wa lónìí ta ni Pẹlẹwura, ẹ ó gbọ́ èsì.

Ẹ má sì rò pé ibojì kì í sọnù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba hú itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Egungun Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther rí ẹni gbé e lọ sí Cathedral ní Marina. Ta ló gbé tàwọn tí kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù?

Ẹ̀yin alhaja, ẹ̀yin ìyá ìjọ, a ò lọ bọ òkú o. A fẹ́ mọ ibi tí wọ́n wà ni. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ń dúró l'Ágége, ó sì ń dé Abẹ́òkúta, àmọ́ ìta ìlú ló ń já èèyàn sí, a ó tún wọ takisí wọ̀lú. Kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò láìgbàyè. Ẹ mú ìborùn dání, kí ẹ fi bàtà gogoro sílé, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ká tó ṣe ìpàdé tó ń bọ̀.