Nígbà tí Ilé Bá Dákẹ́: Ìgbé Ayé Lẹ́yìn tí Ìgbéyàwó Bá Tú Ká

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ tí a ó padà sílé, Ọlọ́run tí ó mú wa wá sí Òkè Ọya níhìn-ín kò ní fi wá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń sọ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ àwọn ará wa tí ìgbéyàwó wọn ti tú ká ni, tí wọ́n sì ń gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé lákọ̀tun.

Obìnrin kan nínú ìjọ mi ni ó mú mi ronú lé e lórí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì yọ̀ǹda kí n sọ ọ́. Aṣọ ni ó ń tà lọ́jà. Kì í pa Mísà ọjọ́ Ìsinmi jẹ, ìjókòó tí ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni ó sì máa ń jókòó sí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó fi ń wá bẹ́ẹ̀, tí kò jáde wá gba Ara Olúwa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo pè é láti béèrè, ó wólẹ̀, ó ní, "Fàdá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Èmi àti ọkọ mi ti kọ ara wa ní kóòtù. Wọ́n ní irú wa kì í gba Ara Olúwa mọ́." Mo bi í bóyá ó ti fẹ́ ẹlòmíràn. Ó ní rárá o, òun àti àwọn ọmọ òun méjèèjì ni àwọn jọ ń gbé. Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Ọdún mẹ́ta ni ebi fi ń pa àgùntàn mi ní ìṣojú mi, èmi olùṣọ́ kò sì mọ̀. Ẹ̀bi mi ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa yékéyéké.

Ohun tí kóòtù lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe

Ní orílẹ̀-èdè wa, òfin ọdún 1970 lórí ọ̀ràn ìgbéyàwó ni ó fún Ilé-ẹjọ́ Gíga ní agbára láti tú ìgbéyàwó tí a ṣe lábẹ́ òfin ìjọba ká. Bí adájọ́ bá kọ́kọ́ dá ẹjọ́ náà, ìtúká kò tíì fìdí múlẹ̀. Ó di ìgbà tí oṣù mẹ́ta bá kọjá. Ní ti ìgbéyàwó ìbílẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ ni a máa ń gbé e lọ. Gbogbo èyí jẹ́ ti ìjọba. Ó wúlò láti mọ ẹni tí àwọn ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tí yóò máa san owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé, àti bí a ó ti ṣe ètò dúkìá.

Ṣùgbọ́n Ìjọ Àgùdà gbà pé ìgbéyàwó tòótọ́ láàárín Krìstẹ́nì méjì, tí wọ́n ti bá ara wọn gbé gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya, kò sí agbára ènìyàn tí ó lè tú u. Nítorí náà, ìwé kóòtù kò fún ni láyè láti fẹ́ ẹlòmíràn nínú Ìjọ. Apá yìí ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Apá kejì ni a kì í gbọ́: ìwé kóòtù nìkan kò lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí tábìlì Olúwa. Katikísímù tí Pópù John Paul Kejì fọwọ́ sí ní 1992 sọ ọ́ gbangba pé ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹni tí ó sapá láti pa májẹ̀mú rẹ̀ mọ́, tí a sì já sílẹ̀ láìṣẹ̀, àti ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ba ilé ara rẹ̀ jẹ́. Nínú ìwé tí Pópù Francis olóògbé kọ lórí ìdílé ní 2016, ó rọ̀ wá kí a máa gba ẹni tí ó ti kọ ọkọ tàbí aya, tí kò sì fẹ́ ẹlòmíràn, níyànjú láti wá agbára nínú Ara Olúwa. Bí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá bá wà lọ́rùn rẹ̀, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wà fún un, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà fún èmi náà.

Òfin Ìjọ ti 1983, ní ìpín 1153, tún gbà pé bí ọkọ tàbí aya bá ń fi ọkàn tàbí ara ẹnì kejì tàbí ti àwọn ọmọ sínú ewu ńlá, ẹnì kejì ní ìdí tí ó tọ́ láti kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún obìnrin tí wọ́n ń lù ní àlùbolẹ̀ pé kí ó padà lọ fara dà á nítorí Jésù. Jésù kò rán an níṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnìkan bá sì rò pé ohun kan ti wọ́ nínú ìgbéyàwó náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dúró níwájú pẹpẹ, bóyá wọ́n fi ipá mú un, bóyá wọ́n fi ohun ńlá pamọ́ láti tàn án jẹ, ó lè kọ̀wé sí kóòtù ìjọ tí ó wà lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ kóòtù yìí kì í ṣe láti já ìdè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí bóyá ìdè náà so rárá. Tẹ́lẹ̀ rí, ìdájọ́ méjì tí ó bá ara mu ni a ní láti gbà. Láti 2015 tí Pópù Francis ti tún ètò náà ṣe, ẹyọ kan ti tó, bí ẹnikẹ́ni kò bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó sì rọ̀ pé kí a má gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn kan pé àwọn ọmọ wọn yóò di ọmọ àlè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Ìjọ kò gba orúkọ rere ọmọ kankan lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ àti ìkòkò ńlá

Nígbà tí ọ̀ràn kóòtù bá parí, ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń kù. Obìnrin tí mo ń sọ yìí sọ fún mi pé ohun tí ó kọ́kọ́ pa òun lẹ́kún kì í ṣe ọ̀rọ̀ adájọ́, ìkòkò ọbẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ìkòkò ńlá. Ó se ọbẹ̀ tán, ó bù ú, ó sì rí i pé ẹran ọkọ òun wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ní ìlú wa, agboolé kún. Bí ìwọ kò bá sọ̀rọ̀, ìyàwó ilé yóò sọ ọ́ fún ọ. Níhìn-ín, yàrá méjì ni, aládùúgbò kò sì gbọ́ èdè wa. Bí ó bá sì ní kí òun sálọ sílé, orúkọ kan ń dúró dè é níbẹ̀: dálémosú. Ọkùnrin ni wọ́n kàn ń pè ní àpọ́n, orúkọ tí kì í gún ni lára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ náà sílẹ̀, ẹ̀yin ará. Orúkọ tí a fún un níbi omi ìrìbọmi kò tíì yí padà.

Ìmọ̀ràn mi rọrùn. Ra ìkòkò kékeré. Àwọn àgbà ní kí a gún iyán nínú odó, kí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Má ṣe máa dúró jẹun lórí ìdúró bí olè nínú ilé ara rẹ. Jókòó, gbàdúrà, kí ìwọ àti àwọn ọmọ jọ jẹun. Fi àkókò kan sílẹ̀ fún jíjí, fún iṣẹ́, fún oorun. Ẹni tí ìdààmú bá, bí ọjọ́ rẹ̀ bá ní ìlà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rí ibi tẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ, má ṣe sọ wọ́n di oníṣẹ́ láàárín ìwọ àti baba wọn tàbí ìyá wọn. Má sì bú u lójú wọn, nítorí ìdajì ara wọn ni o ń bú.

Fàájì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Àwọn kan rò pé ẹni tí ilé rẹ̀ tú kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín mọ́. Bí wọ́n bá rí obìnrin bẹ́ẹ̀ tí ó wọ aṣọ tuntun, wọn a ní ó ti ń wá ọkọ. Bí wọ́n bá rí ọkùnrin bẹ́ẹ̀ nídìí ayò, wọn a ní kò ní àròjinlẹ̀. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sinmi ní ọjọ́ keje. Ta ni àwa tí a kò fẹ́ sinmi?

Ẹ wo ọpọ́n ayò. Ihò méjìlá ni, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn méjì ni ó ń ta á, àwọn òǹwòran yóò sì yí wọn ká, wọn yóò máa dá sí i. Ọ̀ta ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, òpè náà yóò rẹ́rìn-ín. Bí ayò bá parí, a ó tún da ọmọ ayò padà sínú ihò wọn, mẹ́rin-mẹ́rin, a ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Fàájì tí ó ń mú ni wà láàárín ènìyàn báyìí ń wo ọgbẹ́ sàn. Ẹgbẹ́ akọrin ń bẹ, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń bẹ, ọgbà ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé ń bẹ, ìwé kíkà ń bẹ. Ọtí tí a ń dá nìkan mu lóru kò sí nínú wọn, nítorí kì í pa ìdákẹ́jẹ́ ilé, ṣe ni ó ń fi í pamọ́ di àárọ̀. Àti ẹ̀yin ọkùnrin, obìnrin tí a sáré mú wọlé kí ilé má baà dákẹ́ kì í ṣe oògùn.

Bíbi ara ẹni léèrè

Ìdákẹ́jẹ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ignatius Mímọ́ ti Loyola fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún wa nínú ìwé Ìdárayá Ẹ̀mí rẹ̀, èyí tí Pópù Paul Kẹta fọwọ́ sí ní 1548. Ìṣísẹ̀ márùn-ún ni: kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí a bẹ̀ ẹ́ fún ìmọ́lẹ̀ láti mọ àṣìṣe wa, kí a yẹ ọjọ́ náà wò ní wákàtí-wákàtí, kí a tọrọ ìdáríjì, kí a sì pinnu láti ṣe àtúnṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí o tó sùn ti tó.

Ẹ kíyè sí i pé ọpẹ́ ni ó ṣáájú ẹ̀bi. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bi yóò ṣe ọ̀kan nínú méjì: yálà kí ó di gbogbo ẹrù ru ara rẹ̀, tàbí kí ó di gbogbo rẹ̀ ru ẹnì kejì. Bi ara rẹ pé: kí ni mo ṣe tí n kò gbọdọ̀ ṣe? Kí ni mo rí tí mo dákẹ́ lé lórí? Kí ni kì í ṣe ẹ̀bi mi rárá, tí mo ṣì ń rù kiri? Ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin kì í bi ara wọn. Dídárí ji ẹni tí ó ṣẹ̀ ọ́ kò sì túmọ̀ sí pé o gbọ́dọ̀ padà sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé o kò ní fi ẹ̀san ṣe oúnjẹ mọ́.

Fabiola ará Róòmù

Bí ẹ bá ní kí n mú àpẹẹrẹ wá, Fabiola Mímọ́ nìyí. Ọmọ ìdílé ńlá ni ní Róòmù, ó sì fi ayé sílẹ̀ ní 399. Ìwà ọkọ rẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó sì fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè. Nígbà tí ọkọ kejì kú, ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀, ó dúró ní gbangba láàárín àwọn tí ń ronú pìwà dà ní ìjọ Laterani kí ọjọ́ Àjíǹde tó pé, Ìjọ sì gbà á padà. Lẹ́yìn náà ó ta dúkìá rẹ̀, ó kọ́ ilé ìwòsàn ní Róòmù, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó sì fi ń fọ egbò àwọn aláìsàn tí ẹlòmíràn kò lè wò lójú. Jerome Mímọ́ ni ó kọ ìtàn rẹ̀ sínú lẹ́tà, kò sì fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́. Ìtàn rẹ̀ kò parí sí kóòtù.

Ẹ̀yin ará, bí omi bá dànù, tí agbè kò fọ́, a ó tún pọn òmíràn. Bí o bá wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn nítorí ohun tí wọ́n ní àlùfáà sọ, wá bi àlùfáà náà léèrè fúnra rẹ. Bí o bá ti fẹ́ ẹlòmíràn pàápàá, má jìnnà; ọmọ Ìjọ ni ọ́ síbẹ̀, wá, kí a jọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin aládùúgbò rẹ̀, ẹ má ṣe dúró kí ó bẹ̀ yín kí ẹ tó bù oúnjẹ Ìsinmi ránṣẹ́ sí i, tàbí kí ẹ tó pè é wá jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ yín.

Obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ wá jẹ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé kan. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí àkókò tó, ó dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó rìn la àárín ìjọ kọjá, ó gba Ara Olúwa, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì tẹ̀ lé e.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè, Baba, àti Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́, bùkún fún gbogbo yín, kí ó sì wà nínú gbogbo ilé tí ó dákẹ́. Àmín.