Tí guidon ìbọn bá já: bí ẹ ṣe lè yan òmíràn

Ọ̀rọ̀ òní kan ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ ní ìwé àṣẹ ìbọn lọ́wọ́. Irin kékeré kan wà tó dúró ṣánṣán ní ẹnu ìbọn, kò ju èékánná ọmọdé lọ. Òun ni àwọn Faransé ń pè ní guidon. Ìbọn lè já bọ́ lórí zémidjan kó tẹ̀, tàbí kó fẹnu gbá igi nínú igbó kó já sọnù. Lọ́jọ́ tó bá já, ìbọn ṣì ń dún, ọta ṣì ń jáde, àmọ́ olówó rẹ̀ ò mọ ibi tí ọta ń lọ mọ́. Ẹran tó gbọgbẹ́ tó sì lọ kú síbi tí a ò rí i, òfò ni. Ọta tó gba orí ẹran kọjá lọ sínú oko ẹlòmíràn, ìyẹn kúrò ní òfò, ó ti di ẹjọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á lọ bá ẹni tó ń ta á, wọ́n á mú èyí tó ń dán jù. Dídán kọ́ ni ká kọ́kọ́ wò o. Gíga rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá fojú sun nǹkan, ẹ máa ń mú orí guidon wá sáàárín ojú irin ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní hausse. Tí guidon bá ga jù, ẹ ní láti rẹ ẹnu ìbọn sílẹ̀ kí orí rẹ̀ tó bá hausse dọ́gba, ọta á wá balẹ̀ sísàlẹ̀ ibi tí ẹ ń wò. Tó bá kúrú jù, ẹnu ìbọn á gbé sókè, ọta á gba òkè lọ. Òfin rẹ̀ ò le: ibi tí ọta bá ṣìnà lọ ni kí ẹ gbé guidon lọ. Ọta ń lọ sókè, ẹ wá guidon tó ga sí i. Ó ń lọ sí òsì, ẹ tì í sí òsì. Ti hausse yàtọ̀ o, ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ọta lọ ni ẹ ó tì í sí. Ibí yìí gan-an ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lórí rú.

Ìbọn tí màá fi ṣàpẹẹrẹ ni Winchester àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó ní irin ọwọ́ lábẹ́: ẹ fà á sísàlẹ̀, ẹ dá a padà, ọta tuntun ti wọlé nìyẹn. Wọn ò pọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ wa bíi ti calibre 12, àmọ́ wọn kì í ṣe àlejò nílẹ̀ yìí. Nígbà tí Dodds kó ogun Faransé kúrò ní Àjàṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1892 láti lọ bá Béhanzin jà, Winchester wà lára ìbọn tí àwọn ọmọ ogun Dànhọmè, tọkùnrin tobìnrin, fi dúró dè é. Àwọn oníṣòwò Jámánì tó wà ní Ouidah ń tà ìbọn fún ọba nígbà náà. Àwọn Faransé tó bá wọn jà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ọta wọn ń gba òkè orí kọjá, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yìn ín láti ìbàdí, wọn ò gbé e sí èjìká kí wọ́n fojú bá guidon lọ.

Èyí tí ẹ lè rí lóde òní ni irú ti 1894 tí John Browning ṣe fún Winchester, tàbí Marlin 336 tó jáde ní 1948. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n gbẹ́ ojú kòtò kan dábùú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ, inú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ guidon ń wọ̀. Àwọn Faransé ń pè é ní queue d'aronde. Èyí tó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó milimítà 9 àtààbọ̀, àmọ́ ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú pied à coulisse. Ẹ lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mẹkaníìkì.

Gíga ńkọ́? Ẹ ta pépà mọ́ iwájú òkìtì ilẹ̀ tó nípọn, ẹ rìn jìnnà sí i ní mítà 50, ẹ gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Ọta ẹyọ kan lè parọ́ fún yín. Àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ wò. Irú ọta tí ẹ máa gbé lọ sígbó náà ni kí ẹ lò, torí pé ọta yàtọ̀ sí ọta. Ká ní láti hausse dé guidon jẹ́ sàǹtímítà 50, tí ọta sì balẹ̀ sísàlẹ̀ ní sàǹtímítà 20. Mítà 50 jẹ́ ìlọ́po 100 sàǹtímítà 50. Ẹ pín 20 náà sí 100, ó di milimítà 2. Guidon tuntun gbọ́dọ̀ kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní milimítà 2. Ṣé ẹ rí i bó ṣe kéré tó? Bẹ́ẹ̀ ó ti gbé ọta kúrò lára ẹran pátápátá.

Tí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ bá ti sọnù, tí kò sí ohun tí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n, ẹ fi hausse sí àárín àtẹ̀gùn rẹ̀, kí ẹ sì ra guidon tó ga. Fáìlì lè dín irin kù, kò lè fi kún un. Ẹ rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa dán an wò.

Ẹ̀yìn èyí la tó wá ń sọ̀rọ̀ àwọ̀ àti orí rẹ̀. Orí roboto tó fẹ̀ ní milimítà 2,4 yá láti rí nínú òkùnkùn àfẹ̀mọ́júmọ́, àmọ́ ní mítà 50 ó bo nǹkan bíi sàǹtímítà 15 mọ́lẹ̀, ọ̀yà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 1,6 bo nǹkan bíi 10. Tójú yín bá ṣì dáa, tínrín ni kí ẹ mú. Baba tí ojú rẹ̀ ti ń rẹ̀, kó mú èyí tó fẹ̀, kó sì sún mọ́ ẹran. Funfun ń hàn nírọ̀lẹ́, pupa ń hàn láàárín ewé tútù. Ti idẹ dára, àmọ́ tí orí rẹ̀ bá rí roboto bí ẹyin, tí oòrùn wá ti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ló máa tàn, ojú yín á gbà á bí àárín, ọta á sì lọ sí òdì kejì. Ẹ wá èyí tí ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ẹ tú ọta jáde. Winchester máa ń kó ọta sínú ọ̀pá kejì lábẹ́, torí náà ẹ fa irin ọwọ́ yẹn títí kò fi ní sí èyí tó ń bọ́ mọ́, kí ẹ wá ki ìka bọ ibi tí ọta ń wọ̀. Guidon máa ń ti òsì lọ sí ọ̀tún jáde, tí ẹnu ìbọn bá kọjú síwájú yín, èyí tuntun á sì ti ọ̀tún wọlé. Igi líle tàbí idẹ ni kí ẹ fi gbá a. Tí kò bá fún, bébà idẹ tín-ín-rín lábẹ́ rẹ̀ ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ jó o mọ́ ọ̀pá ìbọn pẹ̀lú iná. Iná gbígbóná yẹn lè ba agbára irin jẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ló sì wà nítòsí.

Ẹ̀yin tó ní calibre 12, ìlẹ̀kẹ̀ kékeré onískúrúù lásán ni tiyín. Pẹ̀lú ọta wẹ́wẹ́, gíga rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro. Ohun tó léwu ni gígùn skúrúù. Tó bá yọ sínú ọ̀pá, ọta á fi orí gbá a, ọ̀pá lè wú tàbí kó ya. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí nǹkan tó yọ. Ẹ má sì gbẹ́ ihò tuntun.

Bí ẹ bá ń gbé e wá sọ́dọ̀ armurier ní Àjàṣẹ́, kí ìbọn ṣófo, kí ìwé àṣẹ wà lápò yín, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan nọ́mbà tó wà lára rẹ̀. Nígbà tó bá ti tò tán, ẹ tún yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá ti balẹ̀ síbi tó yẹ, ẹ fi abẹ́rẹ́ fa ìlà tín-ín-rín kan láti ẹsẹ̀ guidon dé ara ọ̀pá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ sígbó, ẹ wò ó: tí ìlà náà bá ti yà sí méjì, guidon ti sún nìyẹn.