Bẹ́líìtì Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì: Ẹ Pààrọ̀ Rẹ̀ Kí Ó Tó Já

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan gbogbo ẹni tó ń fi ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kó ọjà.

Ọ̀kan nínú wa ń kó ẹja bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ sí Awoyaya láàárọ̀ ọjọ́ kan. Lójijì ni ẹ́ńjìnnì kú. Kò rú èéfín, kò pariwo. Dẹ́rẹ́bà tún un sítáàtì lẹ́ẹ̀mẹta, àfi bí ẹni ń dá kún ọ̀ràn. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, timing belt ló já, àwọn fáàfù ti tẹ̀, wọ́n sì ti lu orí písítìnnì. Ẹja bàjẹ́. Owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi ra ọjà, inú ẹ́ńjìnnì ló wọ̀ lọ.

Kí ni bẹ́líìtì yìí ń ṣe gan-an? Rọ́bà eléyín ni. Òun ló so kíránkì, tí písítìnnì ń yí, mọ́ camshaft, tí ń ṣí fáàfù. Bí kíránkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, camshaft a yí lẹ́ẹ̀kan. Dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti pẹtiróò. Afẹ́fẹ́ tí písítìnnì fún pọ̀ ló ń gbóná tí epo fi ń jó. Nítorí náà, àyè tó wà láàrin písítìnnì àti fáàfù kéré púpọ̀. Bí bẹ́líìtì bá já, wọ́n á kọlu ara wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo Mercedes 207 lè ní ẹ ò gbọ́ irú èyí rí. Òótọ́ ni: ṣéènì irin ló wà nínú tiẹ̀. Ṣùgbọ́n Golf dísẹ́ẹ̀lì tí Volkswagen gbé jáde ní 1976, rọ́bà ló lò, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn sì tẹ̀lé e. Ẹ bi mẹkáníìkì yín èwo ni tiyín.

Ìwé ọkọ̀ ló ń sọ iye kìlómítà àti iye ọdún tí bẹ́líìtì á lò. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni kí ẹ tẹ̀lé. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ máa ń tàn wá jẹ: ọkọ̀ dúró, kìlómítà ò kà, bẹ́líìtì sì ń yí. Bí ẹ bá ra tòkunbọ̀ tí ẹ ò mọ ìtàn rẹ̀, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì kí ẹ tó fi kó ẹrù.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ dúró tì í. Kí wọ́n tú orí bátìrì. Kí wọ́n yí ẹ́ńjìnnì dé ojú àmì, kí wọ́n fi irin há a kó má baà yẹ̀, kí wọ́n tó tú bẹ́líìtì. Kí wọ́n pààrọ̀ púlì tó ń fà á le, àti wọ́tà pọ́ǹpù pẹ̀lú bó bá jẹ́ bẹ́líìtì yìí ló ń yí i. Bí ọ́ìlì bá ń jò síbẹ̀, kí wọ́n dí i. Ọ́ìlì a máa jẹ rọ́bà. Bí wọ́n bá dè é tán, kí wọ́n yọ irin náà, kí wọ́n fi sípánà yí kíránkì lẹ́ẹ̀mejì gbáko, kí àmì tún bára mu. Bó bá há, kí wọ́n má fipá yí i. Ẹni tó bá fẹ́ sítáàtì láìṣe èyí, ẹ dá a dúró. Bẹ́líìtì àlòkù ńkọ́? Ẹ má gbà á.

Owó bẹ́líìtì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì. Ẹ máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un lóṣooṣù, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ajé á wọlé o.