Slurm
Slurm jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń pín iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbára tí a so pọ̀. Ilé ìwádìí Lawrence Livermore ní Amẹ́ríkà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2002; ọ̀fẹ́ sì ni.

Oníṣẹ́ kì í fọwọ́ ara rẹ̀ yan kọ̀ǹpútà. Yóò kọ iye tí ó nílò àti wákàtí tí iṣẹ́ náà yóò gbà sínú fáìlì, yóò fi àṣẹ sbatch fi í ránṣẹ́, iṣẹ́ náà yóò sì tò sórí ìlà. Bí iṣẹ́ ńlá bá ń dúró de àyè, Slurm lè ki iṣẹ́ kékeré bọ àlàfo, bí kò bá ní dá ti ńlá dúró. Ẹni tí ó bá fojú bu wákàtí kéré jù, a ó dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró láìparí. Ẹni tí ó bá bu púpọ̀ jù lè pẹ́ lórí ìlà.

Àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, tí ó jẹ́ iṣẹ́ ACMAD ní Niamey, kò gba irú ìdádúró bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2020, odò Ọya kún bo apá kan ìlú náà. Àsọtẹ́lẹ̀ kò wúlò mọ́ bí òjò bá ti rọ̀ tán. Níbi tí irú iṣẹ́ yìí bá wà, alábòójútó Slurm lè fi í ṣáájú àwọn yòókù, tàbí kí ó ya kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀ fún un ní wákàtí kan pàtó lójoojúmọ́.