Ohun ìjà ìgbàlódé: Ẹ̀kọ́ tí Tudun Biri kọ́ iléeṣẹ́ ológun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lalákàn fi í ṣọ́ orí. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn àwọn ọ̀gá ológun ilẹ̀ wa bí wọ́n ṣe ń kó ohun ìjà ìgbàlódé jọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 2023, àwọn ará abúlé Tudun Biri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi, ìpínlẹ̀ Kàdúná, kóra jọ, wọ́n ń ṣe Màólúdì. Lójijì ni dróònù, ìyẹn ọkọ̀ òfurufú tí kò ní awakọ̀ nínú, ju bọ́ǹbù lù wọ́n. Bí àwọn ènìyàn ṣe sáré wá dóòlà àwọn tó fara pa, bọ́ǹbù kejì tún balẹ̀. Àjọ NEMA ní òkú 85 ni wọ́n sin, tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin.

Àwọn agbésùnmọ̀mí kọ́ ló ṣe é o, àwọn ológun wa ni. Wọ́n ní àṣìṣe ni. Ọ̀gágun Taoreed Lagbaja, ọmọ Ìlobùú tó ti dolóògbé báyìí, ló jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ nígbà náà. Ó lọ sí abúlé náà, ó sì tọrọ àforíjì.

Kò sẹ́ni tó máa ní kí àwọn ológun má ra ohun ìjà tuntun. Láti ọdún 2009 tí ogun Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀, bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́ ojú ọ̀nà ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun. Ìdí nìyí tí DICON, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ohun ìjà ní Kàdúná láti ọdún 1964, fi lọ́wọ́ nínú ṣíṣe ọkọ̀ ogun Ezugwu, tí wọ́n fi han aráyé lọ́dún 2019. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, abẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ṣóńṣó bíi ti ọkọ̀ ojú omi, kí agbára bọ́ǹbù lè gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Nílẹ̀ Yorùbá níbí pàápàá, iléeṣẹ́ aládàáni Proforce ń ṣe ọkọ̀ ogun ní Òde-Rẹ́mọ. Àrá ni wọ́n pe ọ̀kan nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Dróònù máa ń ya àwòrán ránṣẹ́ sí ẹni tó jókòó síbi tó jìnnà. Ó lè fi hàn án pé èrò péjọ sínú òkùnkùn. Kò lè sọ fún un bóyá àdúrà ni wọ́n ń ṣe tàbí ìpàdé ajínigbé. Baálẹ̀, àgbẹ̀ àti ọdẹ tó mọ igbó ló lè sọ ọ́.

Bí àwọn yẹn bá sì sọ̀rọ̀, tí àṣírí tú, àwọn ajínigbé á dá ẹ̀mí wọn légbodò. Nítorí náà, bí àwọn ológun bá fẹ́ múra ogun ọ̀la, owó ohun ìjà nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí ará oko rí ẹni gbẹ́kẹ̀ lé, tó lè pè lóru, tí kò ní tú u fó. Ìpè kan péré ni ì bá gba àwọn ará Tudun Biri là.