Bí Ìgbéga Lẹ́nu Iṣẹ́ Bá Fò Wá Dá

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan tó ń wá síwájú tábìlì akọ̀wé lemọ́lemọ́ ni mo fẹ́ là yé wa. Ó kan àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Igbó-Ọrà, Èrúwà àti Ayétẹ̀, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní ilẹ̀ Ìbàràpá wa. Ọ̀rọ̀ náà ni pé: kí ni ká ṣe bí ìwé ìgbéga bá jáde, tí a wá orúkọ wa títí tí a kò rí i?

Ọlọ́jà lè sọ pé, “Èwo ló kàn mí níbẹ̀?” Ó kàn yín o. Òṣìṣẹ́ ló ń ra gàrí àti ẹ̀gúsí láwìn lọ́wọ́ yín títí di ìparí oṣù. Ẹ̀yin náà lẹ sì ń ṣe onídùúró fún un nígbà tó bá fẹ́ yá owó ẹgbẹ́. Bí owó tó ń retí kò bá wá, kì í ṣe òun nìkan ni yóò rùn sí.

Kí n tó sọ ti ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Mo ti lo iye ọdún tó yẹ kí n lò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń pè mí ní “ọ̀gá tuntun”. Mo bá lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo fi bẹ̀rẹ̀ ilé oníyàrá méjì. Màmá kan tó ń ta ẹ̀gúsí ló ṣe onídùúró fún mi. Mo ṣírò bí n ó ṣe máa san owó náà lórí owó oṣù tuntun tí n kò tíì gbà. Nígbà tí ìwé jáde, orúkọ ọmọkùnrin tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Tèmi kò sí.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ yàrá ọ̀gá mi, mo sọ ohun tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu ọmọlúwàbí. Mo ní ó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó wò mí, kò fèsì. Lálẹ́, ìyàwó mi bi mí pé, “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti béèrè ìdí rẹ̀ ni?” N kò tíì béèrè. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí ìdí rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ nípa iṣẹ́ ẹni lọ́dọọdún, èyí tí òṣìṣẹ́ mọ̀ sí APER, kò pé nínú fáìlì mi. Ti ọdún kan kò sí níbẹ̀. Inú àpótí tábìlì èmi fúnra mi ló wà. Mo kọ apá tèmi tán, n kò gbé e fún ọ̀gá kó kọ tirẹ̀. Ọ̀gá tí mo bú kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni ìgbéga fi ń fo ènìyàn dá. Ó yẹ ká mọ èyí tó jẹ́ tiwa ká tó lanu sọ̀rọ̀, nítorí oògùn wọn kò jọra.

Ọ̀nà kìíní ni pé ìwé tàbí ọdún kò pé. Nínú òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹni tó wà ní lẹ́fẹ̀lì 6 sí ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ọdún 2, ó kéré tán, kí wọ́n tó lè gbé e ga. Ẹni tó wà ní lẹ́fẹ̀lì 7 sí 14 yóò lo ọdún 3. Ẹni tó wà ní 15 sí òkè yóò lo ọdún 4. Pípé ọdún nìkan kọ́ o. Ìdánwò wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí wà níbẹ̀, ohun tí ọ̀gá kọ nípa ẹni wà níbẹ̀. Ẹni tí ẹjọ́ ìbáwí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dúró ná. Tèmi bọ́ sí abẹ́ ọ̀nà kìíní yìí. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé ká wá ìwé tó sọnù, ká fi í síbi tó yẹ.

Ọ̀nà kejì ni pé ìwé pé, ṣùgbọ́n ààyè kò tó, tàbí àwọn tó ń yan ènìyàn mú ẹlòmíràn. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá yege tí àga sì jẹ́ mẹ́ta, méje yóò dúró. Kì í ṣe ọ́fíìsì kékeré nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1972, nígbà tí Sir Adetokunbo Ademola kúrò ní ipò Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà, àwọn adájọ́ wà ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tí wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ìta ni ìjọba ti mú Dókítà T. O. Elias wá, ẹni tó jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà fún ìjọba àpapọ̀. Ní 1975, wọ́n tún mú Sir Darnley Alexander wá láti ìpínlẹ̀ South-Eastern. Àwọn tó wà nínú ilé tún wò ó bẹ́ẹ̀. Òfin kò sọ pé ẹni tó kàn lórí ìjókòó ló gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Irú èyí máa ń dun ènìyàn, ṣùgbọ́n dídùn ún kò sọ ọ́ di ẹjọ́. Ohun tó yẹ ni ká béèrè iye àga tó wà, ipò tí a mú nínú ìdánwò, àti ìgbà tí òmíràn yóò ṣí.

Ọ̀nà kẹta ni ìrẹ́jẹ gan-an, pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn nítorí ohun tí kò kan iṣẹ́. Àwọn baba wa rí èyí. Ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da iṣẹ́ ìṣègùn ìjọba ní àwọn ilẹ̀ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sójú kan, wọ́n sì ṣòfin pé ọmọ Òyìnbó nìkan ni yóò wọ̀ ọ́. Dókítà aláwọ̀ dúdú tó kàwé ní ìlú Òyìnbó bíi tiwọn, irú Dókítà Oguntola Sapara tó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, kò lè bá wọn dọ́gba nípò àti lówó oṣù. Kì í ṣe pé ìwé wọn kò pé. Àwọ̀ ara wọn ni.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n kóra jọ. Ní 1920, National Congress of British West Africa ṣe ìpàdé ní Accra, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n béèrè sì ni pé kí àwọ̀ ara má jẹ́ òṣùwọ̀n mọ́ nínú iṣẹ́ ìjọba. Ó di 1948 kí ìgbìmọ̀ tí Hugh Foot ṣe alága rẹ̀ tó sọ pé a kò gbọdọ̀ gba àlejò sí iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà, àfi bí a kò bá rí ọmọ Nàìjíríà tó kúnjú òṣùwọ̀n. Olóyè Simeon Adebo, tó bẹ̀rẹ̀ bí akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè, di olórí òṣìṣẹ́ ìjọba Western Region, ó sì lọ ṣojú Nàìjíríà ní Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ní 1962. Ọ̀nà náà jìn, àmọ́ ìwé àti ìṣọ̀kan ni wọ́n fi rìn ín.

Tó bá ṣẹlẹ̀ sí wa lónìí ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ lọ wo fáìlì yín, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n bá yín wò ó. Ẹ kọ̀wé béèrè ìdí, ẹ jẹ́ kó gba ọwọ́ ọ̀gá yín kọjá, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan tí wọ́n ti buwọ́ lù pé àwọn gbà. Ẹ má fi èébú sí i. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Bí èsì kò bá wá, ẹ kọ̀wé sí àjọ tó ń gbani síṣẹ́ tí ó sì ń gbéni ga, kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín bá yín dá sí i. Ilé ẹjọ́ ló kẹ́yìn. Láti 2011 ni òfin orílẹ̀-èdè ti fún National Industrial Court lágbára kíkún lórí ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ó sì ń jókòó ní Ìbàdàn. Àwọn adájọ́ ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ìgbéga kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí ènìyàn lè fi agbára gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n lè béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ tẹ̀lé òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

Ẹ má sì sọ pé ẹ ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, kí ẹ má ṣe nǹkan kan. Níbi tí wọ́n ti ń lo òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ìdá 8 nínú 100, agbanisíṣẹ́ a sì fi ìdá 10 kún un. Owó oṣù tó dúró sójú kan, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò ní lè ga.

Tèmi ńkọ́? Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá mi, mo tọrọ àforíjì. Òun gan-an ló bá mi buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé mi ga, àmọ́ owó ọdún kan ti lọ, n kò rí i gbà padà. Kó tó dìgbà náà, oṣù méjì ni n kò fi rí owó ẹgbẹ́ san. Màmá ẹlẹ́gùúsí ló gbé owó tirẹ̀ wá sípàdé, ó san án. Ojú tì mí. Kò bú mi rárá. Ó ní, “Ọmọ mi, owó tí o kò tíì gbà kì í ṣe owó.” Ẹgbẹ́ bá mi dín iye tí mò ń san lóṣù kù, wọ́n fi oṣù kún un, mo sì san ti màmá tán.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè ìwé owó oṣù tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ báyìí lọ́wọ́ ẹni tó bá wá yá owó, tí n kì í gba “wọn ó gbé mi ga láìpẹ́”. Ẹ má bínú sí mi. Bí ìgbéga bá sì fò yín dá tí owó ẹgbẹ́ wà lọ́rùn yín, ẹ tètè wá sọ kí ìparí oṣù tó dé, kí onídùúró yín má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ire o.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ yín.