Owó Tí À Ń Ná Tí A Bá Lọ Sílé: Ọwọ́ Ta Ló Ń Bọ́ Sí?

Tó bá ti di oṣù kẹsàn-án báyìí, ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ló máa ń gba ẹnu àwa Yorùbá ní Chicago. Níbi ayẹyẹ ni o, lẹ́yìn ìsìn ni o, lórí WhatsApp ni o: "Ṣé ẹ̀ ń lọ sílé ní Dìsẹ́ńbà? Èló lẹ ti rí i?" Ìdílé tèmi lọ ní ìparí ọdún 2024, àwa mẹ́rin, fún ọjọ́ méjìdínlógún. Sọ́fítíwíà ni iṣẹ́ mi, ó sì ti mọ́ mi lára láti máa tọpasẹ̀ nǹkan láti orísun rẹ̀ títí dé ibi tó parí sí. Nígbà tí a padà dé, mo kó gbogbo rìsíìtì jọ, mo sì pín owó tí a ná sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí kò dé Nàìjíríà rárá, èyí tó dé tó sì tún jáde, àti èyí tó dúró sọ́wọ́ ẹni tó wà nílé.

Èyí tí kò dé rárá ló pọ̀ jù. Èyí tó dúró ló kéré jù. Ohun tó mú kí ìwọ̀nba yẹn dúró ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí ó kan àwọn ọmọ wa, ó sì kan èdè tí à ń kọ́ wọn.

Owó tó bá ọ̀nà lọ

Kò sí bàálù tó ń gbéra ní O'Hare lọ tààrà sí Èkó. Ẹ máa gba Frankfurt, tàbí Istanbul, tàbí Addis Ababa, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí Atlanta tàbí Washington. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń wa bàálù, ẹni tó ń se oúnjẹ, ẹni tó ń gbálẹ̀ pápákọ̀ òfuurufú, gbogbo wọn ló ń jẹ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì wa. Nàìjíríà ní iléeṣẹ́ bàálù tirẹ̀ nígbà kan, ìyẹn Nigeria Airways, ṣùgbọ́n ó kógbá sílé ní ọdún 2003, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá a lọ. Nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó sí Gatwick ní London ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2024, iye tí àwọn iléeṣẹ́ òkèèrè ń gbà lójú ọ̀nà yẹn já wálẹ̀. Tí ọmọ onílé bá ti ní ìjókòó nídìí òwò, ọ̀rọ̀ a máa yí padà.

Ilé ìtura ńkọ́? Láti Chicago níbí la ti gba yàrá, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ni irú ojúlé bẹ́ẹ̀ máa ń yọ ìpín tiwọn, ó sábà máa ń tó ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, kí ìyókù tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ilé. Ẹni tó ń fọ aṣọ ibùsùn wà nílé. Irú èmi ló ń kọ sọ́fítíwíà tó ń ka owó náà, a ò sì sí nílé. Síbẹ̀, mi ò lè bú u. Ilé ìtura kékeré tí a sùn sí ní Òṣogbo kò ní owó ìpolówó. Bí kì í bá ṣe íntánẹ́ẹ̀tì, báwo ni èmi tí mò ń gbé lẹ́bàá Adágún Michigan ṣe fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀?

Dìsẹ́ńbà dùn, Jánúárì ń bọ̀

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi náírà 460 nígbà náà ti kọjá 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Fún àwa tí à ń gba owó oṣù ní dọ́là, gbogbo nǹkan wá dà bí ọ̀fẹ́. Fún ẹni tó ń gba náírà, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àǹtí mi kan ní Surulérè sọ fún mi pé tó bá ti di àárín Dìsẹ́ńbà, òun kì í jáde mọ́ bí kò bá pọn dandan. Àwọn IJGB, orúkọ tí wọ́n ń pe irú wa, ti sọ ọkọ̀, oúnjẹ àti ilé di ọ̀wọ́n.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ ò sí níbẹ̀ o. Onídìrí, télọ̀, alásè, DJ, onílù, awakọ̀, gbogbo wọn ló ń rí ṣe ní oṣù náà. Awakọ̀ tó gbé wa lọ sí Abẹ́òkúta kàwé gboyè ní yunifásítì. Mo bi í pé báwo ni iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, Dìsẹ́ńbà ni ìkórè wa. Tí ẹ bá ti lọ tán, ó di ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn." Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò lè bọ́ ilé fún oṣù méjìlá. Àti pé tí owó bá lọ sórí tábìlì ilé ijó, ọtí tó wà lórí tábìlì náà, ilẹ̀ Faransé ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Owó náà dé Èkó lóòótọ́, àmọ́ kò sùn síbẹ̀.

Aṣọ Ìtòkú

Lẹ́yìn tí a gun Òkè Olúmọ tán, a lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Kò sí ibi tí mo ti rí i tó bẹ́ẹ̀ bí ayé ṣe di ọjà kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn díẹ̀, torí àwọn ọmọ máa bi yín. Èlú ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe aró. Tí wọ́n bá fi ìko di aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́, àdìrẹ oníko nìyẹn. Tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí i, kí aró má bàa wọ ibẹ̀, àdìrẹ ẹlẹ́kọ nìyẹn. Aṣọ funfun tí wọ́n ń rẹ ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, láti àwọn iléeṣẹ́ aṣọ Manchester. Ẹ ò rí i? Aṣọ tí à ń pè ní àṣà wa, òwò àgbáyé ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò ń wá láti Senegal kí wọ́n lè ra àdìrẹ l'Abẹ́òkúta. Òyìnbó ló hun aṣọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ìyá wa ni aró, àwòrán àti èrè wà.

Ní àwọn ọdún 1930, ọjà náà dẹnu kọlẹ̀. Àwọn aláró kan ti ń lo sódà àti aró òyìnbó kí iṣẹ́ lè yá, àwọn oníbàárà sì ń kùn pé aṣọ ò dára tó ti tẹ́lẹ̀. Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de àwọn nǹkan wọ̀nyẹn. Àwọn ìyá aláró yarí, wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ni, àwọn làwọn mọ bí àwọn ṣe máa ṣe é. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Àwọn obìnrin tó ń bá òwò àgbáyé jà láàárọ̀, tó tún ń bá ọba wí lálẹ́, wọn kì í ṣe àwòrán inú káàdì tí a fi ń kí ara wa.

Lónìí, ohun tó gba Ìtòkú ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí wọ́n ṣe àdàkọ àwòrán àdìrẹ sí. Àwòrán "Ìbàdàndùn", tó ní àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ìyá kan fi ń fi ìyẹ́ adìẹ yà á. Ẹ̀rọ ń tẹ̀ ẹ́ jáde bí ìgbà tí ènìyàn ń mí. Ó pọ́ọ́kú, ó sì ń dán. Àwa tí a ti òkè òkun dé ò mọ̀ yàtọ̀, à ń rà á, à ń gbé e padà wá sí Chicago pé a ra nǹkan ilé. Owó wa ti fò kọjá lórí ìyá aláró, ó ti balẹ̀ sí Ṣáínà.

Níbẹ̀ ni nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ mi pé oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni tirẹ̀. A rí ìyá àgbàlagbà kan tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kúnlẹ̀, ó ní, "Àrẹ̀dú o, mà!" Ìyá náà gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi í pé ọmọ ta ni, níbo ló ti wá. Kò pẹ́, ó mú wa kúrò ní ìta ọjà lọ sí àgbàlá tí àwọn ìkòkò aró wà, ó jẹ́ kí àwọn ọmọ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tààrà la ti ra ọ̀pá mẹ́jọ, láìsí alágbàtà. Nínú gbogbo ìṣirò mi, owó yẹn nìkan ni mo lè fi ìka tọ́ka sí pé gbogbo rẹ̀ dúró sí Abẹ́òkúta.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ìyókù. Mo bi í bóyá ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti lọ sí Èkó. Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Aṣọ Ṣáínà náà ló ń tà. Ta ni yóò bá a wí? Ó ní ọmọ tí yóò bọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. A lè kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìkíni "àrẹ̀dú", kí wọ́n dàgbà, kí wọ́n délé, kí wọ́n má bá aláró kankan tí wọ́n máa kí.

Nígbà tí àlejò jókòó ti onílé

Òṣogbo fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Ní ọdún 1950, obìnrin ayàwòrán kan, Susanne Wenger, láti ilẹ̀ Austria, dé Nàìjíríà. Ó kọ́ èdè wa, ó di olórìṣà, wọ́n sì ń pè é ní Àdùnní. Nígbà tí igbó Ọ̀ṣun fẹ́ pa run, kò lọ kó oníṣẹ́ ọnà láti Yúróòpù wá. Àwọn ará Òṣogbo ló pè. Adébísí Àkànjí ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀. Ó di ẹni tó ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ère tí ayé ń wá wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Buraimoh Gbádàmọ́sí nídìí òkúta, àti Kàsálì Àkàngbé nídìí igi. Ní ọdún 2005, UNESCO fi igbó náà, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, sínú àwọn ogún àgbáyé. Àdùnní kú ní Òṣogbo ní oṣù kìíní ọdún 2009. Nínú ìlú yẹn kan náà ni Ìyá Níkẹ̀ẹ́, Nike Davies-Okundaye, ti dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní ọdún 1983, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ àdìrẹ àti bàtíkì lọ́fẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ gidi ló ti ibẹ̀ jáde, torí ọwọ́ onílé wà ní àárín. Ṣùgbọ́n ọjà àgbáyé kan náà tó ń gbé àlejò wá síbi ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ ló ń wá góòlù pẹ̀lú. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti sọ omi di ẹrẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má mu omi odò náà níbi ọdún. Omi tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá bù! Ẹni tó ń ta góòlù lè lọ sí odò mìíràn. Ẹni tó ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun ò lè lọ.

Ìkẹ́rẹ́ wà ní Michigan Avenue

Ẹ má rò pé ilé nìkan lọ̀rọ̀ yìí wà. Nínú Art Institute, láàárín ìlú Chicago wa níbí, òpó kan wà tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914 fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́: ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 1984 ló di ti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń ṣọ́ òpó náà, ẹni tó ń ta kọfí nísàlẹ̀, Chicago ni wọ́n ti ń gbowó oṣù. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ló bí iṣẹ́ náà. Ìlú tiwa ló ń fi gbanisíṣẹ́. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún wọn pé ìlú tó ti wá ṣì wà, ọ̀nà ibẹ̀ ò dí.

Kí la lè ṣe?

A ò lè dá iléeṣẹ́ bàálù sílẹ̀ láti orí tábìlì oúnjẹ wa. Àmọ́ ìwọ̀nyí kò kọjá agbára wa:

- Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìkíni oníṣẹ́ kí ẹ tó gbéra. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kí, wọ́n á mú un wọlé. Ẹni tí wọ́n bá mú wọlé ò nílò alágbàtà.
- Ẹ yí aṣọ padà kí ẹ tó sanwó. Àdìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ sábà máa ń mu aró ní iwájú àti ẹ̀yìn, àwòrán rẹ̀ kì í sì í dọ́gba délẹ̀. Tí ẹ̀yìn bá ṣì, tí gbogbo rẹ̀ bá bára mu bí ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ béèrè dáadáa.
- Tí ẹ bá ti mọ ilé ìtura kékeré kan tó dára, ẹ gba nọ́ńbà wọn. Nígbà kejì, ẹ pè wọ́n fúnra yín.
- Ẹ yà sí ìlú mìíràn yàtọ̀ sí Èkó, kódà kó jẹ́ ọjọ́ méjì péré. Tí iléèwé bá gbà yín láyè, ẹ lọ ní oṣù kẹjọ, nígbà tí owó wọ́n lọ́wọ́ wọn.
- Ẹ béèrè fún iṣẹ́ ní Màáṣì àti Júnì pẹ̀lú. Aṣọ ìgbéyàwó àti aṣọ ọjọ́ ìbí ṣeé pàṣẹ fún láti Chicago.

Ìyá aláró yẹn ti fún mi ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, mo bẹ aṣọ ọ̀pá méjìlá lọ́wẹ̀ rẹ̀ fún ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun nìkan ò lè parí ẹ̀ lásìkò. Ó ní òun máa pe ọmọ òun láti Èkó, kó wá fi ọ̀sẹ̀ méjì ran òun lọ́wọ́.